Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alhájà Tó Ni Ilé Búrẹ́dì Wa, lórí Ojúsàájú Máníjà

Ìyá wa Alhájà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú bí ẹ ṣe ń gbọ́ bùkátà àwọn èèyàn tó pọ̀ tó báyìí. Àdúrà wa ni pé kí ẹ jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín pẹ́, kó má bàjẹ́ lójú yín.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo ìwé tí òṣìṣẹ́ bá kọ sí yín, orí tábìlì Máníjà ló ń kọ́kọ́ bà sí, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn. Nọ́ńbà fóònù yín ò sí lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yà wò wá, Máníjà ló ń mú yín yíká, òun ló sì ń yan ẹni tí yóò dúró síbi tí ẹ máa gbà kọjá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kì í sí níbẹ̀. Mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ wa, mi ò dárúkọ Máníjà, mi ò sì dárúkọ ara mi, torí kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ ọ̀nà Bódìjà àti ọ̀rọ̀ ṣíìfù òru, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn tó ní ilé iṣẹ́ n'Ìbàdàn ló kà á, tó rí ilé tirẹ̀ níbẹ̀, kí òun náà lọ wádìí.

Kí n tó sọ èyí tó ń dùn wá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí ohun tí Máníjà ṣe dáadáa. Agbẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹ gbọ́ tiwa láìgbọ́ ire tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, gbogbo ohun tí ilé búrẹ́dì ń lò ló gbẹ́nu sókè. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń lọ fúláwà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ọ̀rá tí a fi ń di búrẹ́dì, ṣúgà, bọ́tà, kò sí èyí tó dúró sójú kan. Àwọn ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò wa ti ilẹ̀kùn. Tiwa ò tì. Máníjà ló ń sáré kiri láti gba fúláwà láwìn, òun ló jókòó tún ìṣirò gbogbo rẹ̀ ṣe, òun náà ló dúró pé kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́. A ò gbàgbé. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ni. Ká ní kò mọ iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá rọrùn láti sọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó wà. Ẹ mọ̀ pé owó oṣù àwọn tó ń gbé búrẹ́dì jáde ò tó nǹkan, kọmíṣọ̀n ni wọ́n gbójú lé. Ọ̀nà tí wọ́n bá sì yàn fún èèyàn ló ń sọ iye búrẹ́dì tó máa tà. Ẹni tó bá gba Bódìjà, Àgbowó, Ṣáńgo àti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn ẹlẹ́wà, àwọn onítíì àti àwọn ìyá tó ń tajà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ẹni tí wọ́n bá yan Lálúpọn fún, tàbí tí wọ́n ní kó kọjá Mọ́níyà wọ àwọn abúlé, ìdajì ọjọ́ ni yóò fi wakọ̀, epo á jó, búrẹ́dì á sì tún ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Tẹ́lẹ̀, yíyí là ń yí ọ̀nà wọ̀nyí. Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, ẹni tó wà ní Bódìjà á lọ sí ọ̀nà mìíràn, ẹni tó ti jìyà ọ̀nà jíjìn á wá sinmi díẹ̀ nígboro. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi òfin yẹn lélẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì máa ń wà níbí ní ìdájí. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa pé òfin náà ti yí padà. Ohun tí a kàn rí ni pé ọ̀nà Bódìjà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ ìlú Máníjà, tó jẹ́ pé ilé Máníjà ló kọ́kọ́ gbé nígbà tó dé Ìbàdàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń wakọ̀ fún yín láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń po ìyẹ̀fun ṣì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, òun ló wà ní Lálúpọn. Mi ò sọ pé ọ̀dọ́kùnrin yẹn ò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá náà ń ṣiṣẹ́.

Búrẹ́dì tó bá padà wálé ńkọ́? Bó bá jẹ́ ti ọmọ Bódìjà, ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa kọ gbèsè rẹ̀ sí lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ti bàbá, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ìwé kan náà ni, bírò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Mo rí bàbá yẹn níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n san owó oṣù, tó ń ka owó, tó tún ń kà á, bíi pé bó bá kà á dáadáa yóò pé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ ìdánwò WAEC lọ́dún yẹn.

Alhájà, mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ máa yọ owó nínú owó iṣẹ́ ẹni àfi èyí tí òfin bá fàyè gbà. Kódà bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó fi àìbìkítà sọ ọ́ nù, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ iye tó mọ níwọ̀n. Búrẹ́dì tí ará Lálúpọn ò rà, bàbá kọ́ ló bà á jẹ́. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé owó oṣù, kì í ṣe ti Máníjà. Mo gbà pé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín.

Ti ṣíìfù òru náà wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbi tí a ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá ṣe òru, ó máa ń ṣòro kó tó rí Máíkírà tí yóò gbé e lọ sí Olódó tàbí Apátá láàárọ̀ pẹ̀lú oorun lójú, owó ọkọ̀ sì ti di ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ lérán rò. Ìyá ọlọ́mọ kan wà láàárín wa tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Òru ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí lórí rósítà, oṣù dé, oṣù lọ. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí kò tíì ṣe òru rí títí di òní. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé òun ló ń bá ìyàwó Máníjà lọ ra nǹkan lọ́jà lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ìyá ọlọ́mọ yẹn lọ bẹ Máníjà, ohun tó sọ fún un ni pé, "Ẹ ò kí ń sún mọ́ èèyàn, Ìyá Ìbejì, ẹ kàn ń wo èèyàn lókèèrè." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju òru tó ń ṣe lọ. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ sísúnmọ́ yìí. Ó ń kí i. Ó ń kúnlẹ̀ kí i. Ó ń dé lásìkò. Èwo ló tún kù?

Lílọ sí ìsinmi ọdọọdún náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin sọ ní abala 18 pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá gbáko, ó kéré tán ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ń gbà á nígbà ọdún Iléyá àti Kérésìmesì, àwọn kan sì ń gbọ́ pé "iṣẹ́ pọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn."

Èyí tó jẹ́ kí n pinnu láti kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ ààrò, ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa.

Nígbà tí ọ̀gá tó ń bójú tó ààrò lọ́wọ́ òru fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ló mọ ẹni tó kàn. Obìnrin kan ni, tó ti wà nídìí ààrò náà pẹ́ débi pé bí iná bá ń jó jù, òórùn ló fi ń mọ̀ ọ́n kó tó wo àmì ìgbóná. Òun ló kọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ níṣẹ́. Wọn ò lẹ̀wé mọ́ ògiri pé àyè ṣí sílẹ̀, wọn ò dán ẹnikẹ́ni wò, wọn ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé kan ni a dé tí Máníjà mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá síwájú wa, tó ní òun ni súpáfáísọ̀ òru tuntun, pé ká máa bu ọlá fún un. Ibi ìkówó ló ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀wé. Ìwà rẹ̀ ò burú. Ṣùgbọ́n kò yan búrẹ́dì rí.

Òru kan wà lẹ́yìn náà tí ohun tó ń díwọ̀n ìgbóná ààrò kejì bàjẹ́. Nọ́ńbà tó ń fi hàn kéré sí bí ààrò ṣe gbóná tó. Àwọn tó dúró nídìí rẹ̀ mọ̀ kó tó pẹ́, ara ló sọ fún wọn. Súpáfáísọ̀ wo nọ́ńbà, ó ní ooru ò tíì tó, kí wọ́n fi iná kún un. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n fi iná kún un bó ṣe wí. Ilé kún fún èéfín, búrẹ́dì jóná láti orí dé ìdí, a sì gbé àpótí lọ́wọ́ dúró nídìí tábìlì wa, a ò rí nǹkan dì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà àwọn oníbàárà wa lọ ra búrẹ́dì ẹlòmíràn. Ẹ lè ti rí owó ọjọ́ náà nínú ìwé yín, tí wọ́n kọ "iná ìjọba lọ, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò bàjẹ́.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn nídìí ààrò pé kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ni kó ṣe é." Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n sí ẹni tó máa ń sáré wá láti ilé lọ́jọ́ ìsinmi bí wọ́n bá pè é pé nǹkan ṣe ààrò. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rí, Alhájà. Owó tó ń bọ́ sí àpò ọmọ Bódìjà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń pàdánù. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe ojúsàájú, òtítọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Ẹni tó rí àbùkù á dákẹ́, torí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìlara ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn á dákẹ́, torí kò fẹ́ kí ojú rere náà kúrò lára òun. Máníjà fúnra rẹ̀ á wá máa gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbọ́ nìkan, yóò sì gbé e bẹ́ẹ̀ wá bá yín. Ẹ jókòó sí ilé yín ní Òkè-Àdó, ẹ rò pé ẹ mọ ohun tó ń lọ nílé iṣẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ èéfín ń jáde lẹ́yìnkùlé.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe ojúsàájú fún náà ń jìyà rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ tíì mọ̀. Súpáfáísọ̀ yẹn, mo ti rí i níbi tó dá jókòó sí lẹ́nu géètì ní aago mẹ́ta òru, torí kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. Bí Máníjà bá kúrò níbí lọ́la, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ súpáfáísọ̀ ààrò? Wọ́n gbé ipò fún un, wọn ò gbé iṣẹ́ fún un.

Mo ti gbọ́ ohun tí Máníjà ń sọ nígbà tí wọ́n bá bi í. Ó ní iṣẹ́ búrẹ́dì, iṣẹ́ owó àárọ̀ ni, owó ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó délé, òun ò lè fi ọ̀nà tó lówó lé ẹni tí òun ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Olè wà. Dírẹ́fà wà tó ti ta búrẹ́dì gbé owó sá lọ, gbogbo ilé búrẹ́dì ló ti rí irú rẹ̀. Mi ò lè bá a jiyàn pé kó má fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mú onídùúró wá kí wọ́n tó gbà wá, tí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Kí ni fọ́ọ̀mù yẹn wà fún? Bàbá Lálúpọn yẹn ò jẹ gbèsè tó ti ọwọ́ olè wá rí ní gbogbo ọdún tó ti ń wakọ̀. Bó bá jẹ́ ìfọkàntán ni wọ́n ń wá, ó ti wà nínú ìwé tipẹ́. Ẹni tó bá ní ọmọ ìlú òun nìkan ni òun lè fọkàn tán, a jẹ́ pé kò wo ìwé.

Ìlú yìí gan-an ò sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Oríkì wa ló sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Jagunjagun láti ìlú oríṣiríṣi ló pàdé níbí tí wọ́n fi sọ ọ́ di ìlú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìbíkúnlé ti wá, ó sì di Balógun Ìbàdàn. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni wọ́n wò, wọn ò ní kó padà sílé kí ọmọ onílé wá gba ipò.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń jọba. Ọmọ Ìbàdàn ni yín, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò sí ìdílé kan ṣoṣo tó ni ìtẹ́ Olúbàdàn. Ìhà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Ẹni tó bá di mọ́gàjí lágbo ilé rẹ̀ lè wọ orí ìlà náà, láti Jagun lọ sókè, ipò kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìhà kan bá sì ti jẹ, ìhà kejì ló kàn. Nígbà tí Ọba Ọlákùlẹ́hìn, tó wá láti ìhà Balógun, wàjà lóṣù keje ọdún 2025, ọmọ tó ń ta omi ní Dùgbẹ̀ lè sọ ẹni tó kàn. Ọ̀tún Olúbàdàn ló kàn. Ọba Rashidi Ládọjà sì gorí ìtẹ́ lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ẹni tó ti wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 2003 ni o! Síbẹ̀, ipò gómìnà ò mú un fo ẹnikẹ́ni. Ó dúró títí ó fi kàn án. A máa ń jà lórí oyè nílùú yìí, ẹjọ́ rẹ̀ ń dé kóòtù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìlà náà wà lójú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì fẹ́ yà kúrò lórí rẹ̀, gbogbo ìlú ló máa rí i. Adé gan-an ní ìlà tí gbogbo èèyàn mọ̀, ká má wá mọ bí wọ́n ṣe ń yan súpáfáísọ̀ ilé búrẹ́dì?

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ bíi pé mò ń sọ pé kí gbogbo wa dọ́gba. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù mí, kó gbà jù mí, n ó bá a yọ̀. Ẹni tó pẹ́ níṣẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́, pípẹ́ nìkan ò tó láti gbé e ga. Ohun tí à ń bèèrè ni òṣùwọ̀n. Gbogbo ìyẹ̀fun tó bá kọjá lórí tábìlì wa kó tó wọ agolo, orí òṣùwọ̀n ló ń kọ́kọ́ gùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀, Máníjà ni yóò kọ́kọ́ lé e. Ojú ló fi ń díwọ̀n àwa.

Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn yóò ka lẹ́tà yìí, Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá jẹ́ pé irú máníjà yìí lẹ ní, ẹ má bá ẹni tó fẹ́ràn jà. Òun kọ́ ló yan ara rẹ̀, ìjà yẹn ló sì máa sọ ẹ̀sùn yín di ìlara lójú ọ̀gá. Bí ẹ bá lọ bá máníjà, ẹ má bèèrè ìdí tó fi fẹ́ràn lágbájá jù yín lọ. Ẹ bèèrè ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó kàn án, kẹ́ ẹ sì ní kó sọ ọ́ níwájú ẹlòmíràn. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí tí inú bíbí bá ń sọ, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ béèrè fún ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, torí òfin iṣẹ́, abala 7, ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti ìsinmi rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ń gbé ẹ̀bùn lọ sílé máníjà lálẹ́, mo mọ ohun tó ń lé yín débẹ̀, ọmọ yín gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi ẹ̀bùn gbà lónìí, ẹlòmíràn á fi ẹ̀bùn tó ju tiyín lọ gbà á lọ́la. Ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Orúkọ yín ni.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ìyá wa. Mi ò fi kóòtù dẹ́rù bà yín. Mo mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn, mo sì mọ̀ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ lọ́dún 2010 fún un lágbára lórí ìwà àìtọ́ níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ronú ibẹ̀ nínú wa. Ilé búrẹ́dì yìí la fi ń tọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ iṣẹ́ mìíràn, a ò sì fẹ́ kọ́ òmíràn.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ní ná yín lówó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá yíyí ọ̀nà padà, bí ẹ ṣe fi lélẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri kí gbogbo èèyàn máa rí ìgbà tó kàn án. Kí rósítà òru náà wà lára ògiri kan náà, kó kan gbogbo ọwọ́ tó ń di búrẹ́dì, àfi ẹni tí ìlera tàbí ọmọ ọwọ́ bá dá dúró, kí ìdí yẹn sì jẹ́ ohun tí à ń sọ sókè. Bí ipò bá ṣí sílẹ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀, kí wọ́n dán àwọn tó bá fẹ́ ẹ wò nídìí ààrò, níṣojú ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n má yọ owó búrẹ́dì tó padà nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni mọ́, kí wọ́n sì dá ti bàbá Lálúpọn padà fún un. Èyí tó kẹ́yìn ni mo kà sí pàtàkì jù: ẹ fún wa ní ọ̀nà kan tí ìwé wa lè gbà dé ọwọ́ yín láìkọjá lórí tábìlì Máníjà. Bó ṣe àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ni, bó ṣe nọ́ńbà ni, èyí tó bá rọrùn fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé Máníjà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbàgbọ́ ni. Ẹ pè é, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, ẹ fi ìwé sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó gba ilé yìí sílẹ̀ lọ́dún 2023 lè tún un ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ Bódìjà tàbí súpáfáísọ̀. Ẹ fi súpáfáísọ̀ yẹn sábẹ́ obìnrin tó mọ ààrò, kó kọ́ ọ fún ọdún kan tàbí méjì. Ó ṣì kéré, ó ní làákàyè, ó lè di ọ̀gá gidi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kí ẹ tó wá. Ẹ wá ní nǹkan bí aago méjì òru, lọ́jọ́ tí a ò retí yín. Ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n fi ń kọ búrẹ́dì tó padà, aláwọ̀ ewé ni, inú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé ló ń gbé. Ẹ wo ojú ìwé ti Lálúpọn, ẹ wo ti Bódìjà, kí ẹ sì ní kí akọ̀wé mú ìwé owó oṣù wá kí ẹ fi wọ́n síra.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ yín kan, ní ibi tí a ti ń di búrẹ́dì,
Ìbàdàn.